Kí Ló Fà Á Tí Ẹni Tó Dákú Fi Gba Wúrà? Àlàyé Lórí Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Oríṣiríṣi Eré Ìjà

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, níbi àṣekágbá kàrátè àwọn ọkùnrin tó wúwo ju 75 kílò lọ ní ìdíje Olympic ti Tokyo, Tareg Hamedi ọmọ Saudi Arabia gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì fi gbá Sajad Ganjzadeh ọmọ Ìráànì lórí. Ganjzadeh ṣubú, ó dákú, wọ́n sì gbé e jáde kúrò ní pápá. Hamedi ló ń fi àmì 4 sí 1 ṣáájú kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn adájọ́ parí ìjíròrò wọn, Ganjzadeh tó dákú ni wọ́n fún ní wúrà, Hamedi tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba fàdákà.

Fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò tíì kúrò lórí fóònù àwọn èèyàn. Ní Adó-Èkìtì níbí, tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń fi orúkọ kan ṣoṣo, ìyẹn kàrátè, pe gbogbo eré tí ọmọ bá ti wọ aṣọ funfun tó sì di ìgbànú, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lórí rẹ̀ kì í yí padà: irú ìjà wo ni ẹni tó wà nílẹ̀ láìmọ ara rẹ̀ ti lè borí ẹni tó dúró? Àwọn ìbéèrè mìíràn wà tó jọ ọ́. Kí ló dé tí rẹfirí júdò fi lè parí ìjà láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó fara pa? Kí ló dé tí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹnìkejì gùn lé, fi lè jẹ́ ẹni tó ń sún mọ́ ìṣẹ́gun? Kò sí ìbéèrè òmùgọ̀ nínú wọn, nítorí àwọn tó ń ròyìn eré wọ̀nyí kì í sábà dúró ṣàlàyé.

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà ní ìdí gbogbo rẹ̀. Ohun tí òfin eré kan bá kà sí ìṣẹ́gun ni àwọn tó ń ṣe é yóò fi ọjọ́ ayé wọn kọ́. Ohun tí òfin bá sì kà léèwọ̀, ara wọn yóò gbàgbé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá mọ òfin eré ìjà kan yóò mọ ìdí tí àwọn tó ń jà á fi ń dúró bí wọ́n ṣe ń dúró, ìdí tí wọ́n fi ń gbé ọwọ́ sókè tàbí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀, àti ìdí tí ọgbọ́n tó gbàyì ní ẹ̀ka kan fi lè pa ènìyàn lára ní ẹ̀ka mìíràn.

Kí ni eré ìjà, kí sì ni ọgbọ́n ìjà?

Eré ìjà ni ìjà tí a fi òfin dè, tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ ní ìpele ní ìpele, tí àwọn méjì sì lè jà láìní ìkùnsínú sí ara wọn. Ọgbọ́n ìjà ni ìṣe kan pàtó nínú eré náà: ọ̀nà kan tí a ń gbà lu ènìyàn, tí a ń gbà gbé e ṣánlẹ̀, tàbí tí a ń gbà dì í mú títí yóò fi gbà pé ó tó. Ẹ̀ka ni mo ń pe irú eré kọ̀ọ̀kan, bíi kàrátè, júdò tàbí ìjàkadì.

A lè pín gbogbo ẹ̀ka sí agbo ńlá méjì. Agbo kìíní ń lu: ẹ̀ṣẹ́, ìpá, igbọ̀nwọ́ àti orúnkún ni irinṣẹ́ wọn. Agbo kejì ń di ènìyàn mú: wọ́n ń gbé e ṣubú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń na apá rẹ̀ sódì, tàbí wọ́n ń fún un lọ́rùn. Àyè tó wà láàrin àwọn méjì tó ń jà ló ń pinnu èyí tó wúlò. Nígbà tí àyè bá pọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló gùn tó láti débẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra díẹ̀ sí i, ẹ̀ṣẹ́ gba iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, igbọ̀nwọ́ àti orúnkún ló kù. Bí àyà bá sì ti kan àyà, lílù ti tán, dídìmú ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan àyè kan tàbí méjì nínú ìwọ̀nyí, ó sì fi òfin ti àwọn yòókù síta.

Kí ló dé tí kàrátè fi jẹ ẹni tó gbá jù níyà?

Erékùṣù Okinawa ni kàrátè ti wá. Gichin Funakoshi, olùkọ́ ilé ìwé kan níbẹ̀, wà lára àwọn tó gbé e dé Tokyo, ní ọdún 1922, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn ká ayé. Irú kàrátè tí a fi díje ní Olympic ní òfin tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ẹni tó ń jà gbọ́dọ̀ fi agbára, ìyára àti ìdúró tó péye hàn, ṣùgbọ́n ó tún gbọ́dọ̀ kó ìlù rẹ̀ níjàánu ní kété tó bá ti dé ara ẹnìkejì. Ẹ̀ṣẹ́ tó dé orí tàbí ara ní àmì 1. Ìpá tó dé ara ní àmì 2. Ìpá tó dé orí ní àmì 3, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìlù tó tẹ̀ lé e nígbà tí a bá ti gbé ẹnìkejì ṣubú. Bí ìlù bá le kọjá ààlà tó sì pa ẹnìkejì lára, ẹni tó lù ú ti rú òfin.

Ìpá Hamedi dé ibi tó yẹ kó dé, ká ní ó sì dá a dúró níbẹ̀, àmì 3 ìbá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìjà náà ìbá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kò dá a dúró. Àwọn adájọ́ kà á sí ẹni tó rú òfin, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìjà, ìṣẹ́gun sì di ti ẹni tó kù. Ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wò ó, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi, ṣùgbọ́n lójú tèmi ìdájọ́ náà tọ́. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni ohun tí eré náà ń wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá san ẹ̀san fún ẹni tó sọ ọ́ nù, eré mìíràn ni a ti ń ṣe.

Irú òfin yìí ló bí ọgbọ́n tí ẹ ń rí. Àwọn tó ń jà kàrátè máa ń dúró jìnnà, wọ́n á máa fò díẹ̀díẹ̀ lórí ìka ẹsẹ̀, wọ́n á wọlé lójijì, wọ́n á lù, wọ́n á sì tún jáde kí ẹnìkejì tó fèsì. Ọgbọ́n tó ń mú àmì wá jù níbẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní gyaku-zuki: ẹsẹ̀ òsì wà níwájú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń jáde. Ẹni tó ń wò yóò rò pé apá ló ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀, ìbàdí yí, àyà tẹ̀ lé e, apá ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti wo ìyá àgbà tó ń gúnyán ní Èkìtì dáadáa ti rí irú rẹ̀: apá kì í dá gbé ọmọ odó, gbogbo ara ló ń bá a sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kì í sì í le gbagidi títí ọmọ odó yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iṣu. Ohun kan náà ni olùkọ́ kàrátè ń pariwo rẹ̀ fún ọmọ lójoojúmọ́, pé kó dẹ èjìká, kó sì jẹ́ kí ìbàdí ṣíwájú.

Kàrátè tún ní apá kan tí kò ní ọ̀tá nínú, ìyẹn kata: ẹnì kan á dá dúró, á máa ṣe ìgbésẹ̀ tí a ti tò láti ọjọ́ pípẹ́, á máa dí ìlù tí a kò rí, á sì máa lu ẹni tí kò sí níwájú. Ìṣúra ni kata jẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn àgbà kó ọgbọ́n tí òfin ìdíje kò gbà láyè pa mọ́ sí, bíi lílu orúnkún tàbí yíyí ọrùn ọwọ́ ẹni.

Kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe taekwondo fi ń sọ ọwọ́ kalẹ̀?

Taekwondo jẹ́ ti Kòréà, ọdún 1955 ni wọ́n sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ yìí. Ẹni tó bá mọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tó wá ń wo taekwondo máa ń bínú sí bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ọwọ́ wọn rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n fi ojú sílẹ̀ gbayawu. Òfin ló fà á. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíràn ní ẹ̀ṣẹ́ lójú, nítorí náà ọwọ́ kò ní ẹ̀ṣẹ́ kankan láti ṣọ́ lókè. Ẹsẹ̀ ló yẹ kó máa ṣọ́. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá àyà ní àmì 1 péré, ìpá tó bá àyà ní 2, èyí tó bá orí ní 3. Bí ẹni tó ń ta ìpá bá kọ́kọ́ yí ara rẹ̀ po kí ẹsẹ̀ tó jáde, 2 yóò kún un, yóò sì di 4 tàbí 5. Ẹ wá rí ìdí tí wọ́n fi ń yí bí òkòtó.

Aṣọ ààbò tí wọ́n wọ̀ sí àyà ní ẹ̀rọ nínú tó ń wọn bí ìpá ṣe le tó, láti Olympic ọdún 2012 ni wọ́n sì ti ń lò ó níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí tún yí ọgbọ́n eré náà padà. Dípò ìpá ńlá tó ń dún gbàmù, ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, wọ́n á jẹ́ kó rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa fi gún ẹnìkejì láti orókè títí ẹ̀rọ yóò fi kà á. Kò dùn ún wò tó ti àtijọ́, mo gbà. Nàìjíríà ní ìtàn tiwa nínú eré yìí: Chika Chukwumerije gba idẹ ní Beijing ní ọdún 2008, láàrin àwọn ọkùnrin tó wúwo ju 80 kílò lọ.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, Muay Thai àti dambe: ibo ni wọ́n ti yà?

Òfin Queensberry ti ọdún 1867 ló fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sí ojú ọ̀nà tó wà títí dòní: ìbọ̀wọ́, ìpele oníṣẹ́jú 3, àti kíka 10 fún ẹni tó bá ṣubú. Ọwọ́ méjì nìkan ni abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ní, nítorí náà ó sọ wọ́n di púpọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ iwájú tó ń lọ tààrà ni ó fi ń wọn àyè, tó sì fi ń dí ẹnìkejì lójú. Ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀yìn ló ń fi agbára tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ń yí wá láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sì ń ti ìsàlẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, fi irú ẹ̀ṣẹ́ iwájú gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kó tó gba wúrà ní London ní ọdún 2012.

Ọgbọ́n ààbò abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ni kí ó tẹ orí ba kí ẹ̀ṣẹ́ kọjá lókè. Ọgbọ́n dáadáa ni, ní ibi tí òfin ti kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni lo orúnkún. Ẹ mú ọgbọ́n kan náà lọ sí Muay Thai ti Táílàndì, ẹ ó sì fi ojú gba orúnkún, nítorí níbẹ̀ ẹ̀ṣẹ́, igbọ̀nwọ́, orúnkún àti ojúgun ni irinṣẹ́, méjì méjì, wọ́n jẹ́ mẹ́jọ. Ìyẹn ló fà á tí àwọn ará Táílàndì fi ń dúró gangan, tí orí wọn kò fi ń lọ tí kò fi ń bọ̀. Ojúgun ni wọ́n fi ń ta ìpá, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí òkè ẹsẹ̀, nítorí ó nípọn ó sì le. Wọ́n á fi lu itan ẹnìkejì léraléra títí ẹsẹ̀ náà kò fi ní gbé e mọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì sún mọ́ra, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn ọrùn ẹnìkejì mú, wọ́n á fa orí rẹ̀ wálẹ̀, orúnkún á sì pàdé rẹ̀. Rẹfirí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ìbá ti yà wọ́n ní ọjọ́ tó pẹ́.

Dambe ti àwọn Hausa kò jìnnà sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi aṣọ àti okùn dì, òun ni wọ́n fi ń lù. Ọwọ́ kejì wà ní ṣíṣí gẹ́gẹ́ bí apata. Ẹni tí ọwọ́, orúnkún tàbí ara rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti pàdánù ìpele náà, bí ìlù tó gbé e débẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Kí ló dé tí ìjà júdò fi lè parí lójijì?

Níbí ni ara Èkìtì ti yẹ kó ní òye jù, nítorí ìpìlẹ̀ júdò kò jìnnà sí ti ìjàkadì àwọn bàbá wa. Ní ìjàkadì tiwa, tí àwọn mìíràn ń pè ní gídígbò, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú, kò sí àríyànjiyàn. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ó dùn ún tàbí kò dùn ún. Júdò náà rò bẹ́ẹ̀: bí o bá gbé ènìyàn, tí o fi gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lú agbára àti ìyára, tí ìdarí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ, ìjà ti parí. Ippon ni wọ́n ń pè é. Ìjà tí a fi ìṣẹ́jú 4 sí lè parí ní ìṣẹ́jú àáyá 5, nítorí ohun tí ẹnìkejì ìbá tún lè ṣe lẹ́yìn irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ kò kan òfin mọ́.

Jigoro Kano ló dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1882. Ó kọ́ jujutsu àtijọ́, tó jẹ́ ọgbọ́n ìjà àwọn jagunjagun Jàpáànù, ó yọ àwọn ohun tó lè ṣeni léṣe jù kúrò, ó sì to ìyókù fún ẹ̀kọ́. Òye rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù ni pé kò yẹ kí a gbìyànjú láti gbé ẹni tó dúró ṣinṣin. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ba ìdúró rẹ̀ jẹ́. Gbogbo ìgbéṣubú júdò ló ní ìpele mẹ́ta: ẹni náà á pàdánù ìdúró rẹ̀, ìwọ á wọ abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgbà náà ni wàá tó gbé e. Ẹni tí kò tíì kọ́ júdò máa ń rí ìpele kẹta nìkan, ìdí sì nìyẹn tó fi dà bí ìdán pé ẹni kékeré gbé ẹni ńlá.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan. Mo di aṣọ rẹ mú ní apá ọ̀tún àti ní òkè àyà. Mo tì ọ́ sẹ́yìn. Ìwọ náà, bí ara ẹ̀dá ṣe máa ń ṣe, tì mí padà. Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni mo dẹ́kun títì, mo sì fà. Agbára tìrẹ àti tèmi ti di ọ̀kan, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń bọ̀. Mo yí ẹ̀yìn sí ọ, mo tẹ orúnkún ba títí ìbàdí mi fi wà nísàlẹ̀ tìrẹ, mo fa apá rẹ kọjá èjìká mi, mo sì na orúnkún. Ẹsẹ̀ rẹ á kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé mo fi apá gbé ọ. Seoi-nage ni orúkọ rẹ̀. Òmíràn, o-soto-gari, yàtọ̀: mo tì ọ́ sí ẹ̀yìn àti sí ẹ̀gbẹ́ títí gbogbo ìwúwo rẹ fi dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo sì fi ẹsẹ̀ tèmi gbá ẹsẹ̀ kan náà kúrò lẹ́yìn rẹ. Ẹni tó ti ja ìjàkadì rí lórí iyẹ̀pẹ̀ ní kékeré mọ èyí dáadáa, kódà bí kò bá gbọ́ orúkọ Jàpáànù rẹ̀ rí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin júdò àti ìjàkadì tiwa ni aṣọ. Ara ìhòòhò ni àwọn tó ń ja ìjàkadì fi ń jà láti ìbàdí sókè, òógùn sì ń yọ̀, nítorí náà ìbàdí, itan àti ọrùn ni wọ́n ń dì mú. Aṣọ júdò nípọn, wọ́n rán an kí ó lè gba fífà, apá rẹ̀ àti etí àyà rẹ̀ sì ti di ohun ìdìmú. Àti ọdún 2013, wọ́n tún fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ ẹnìkejì mú nígbà tí wọ́n bá wà lórí ìdúró. Òfin yẹn sọ júdò di eré ìdúró gangan. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá itan kò sí mọ́.

Ìjà júdò tún lè parí nílẹ̀. Bí o bá tẹ ẹ̀yìn ẹnìkejì mọ́ máàtì fún ìṣẹ́jú àáyá 20, tí kò lè yọ, ippon ni. Ní 1964, nígbà tí júdò kọ́kọ́ wọ Olympic, ní Tokyo gan-an, irú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Anton Geesink ọmọ Netherlands fi borí Akio Kaminaga lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, gbogbo Jàpáànù sì kẹ́dùn.

Ìjàkadì Olympic ńkọ́?

Oríṣi méjì ni. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Greco-Roman, a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ohunkóhun nísàlẹ̀ ìbàdí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹnìkejì. Ohun tó kù ni kí a di àyà mú, kí a gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀, kí a sì jù ú sẹ́yìn kọjá orí ara ẹni, èyí tó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó lẹ́wà jù nínú gbogbo eré ìjà. Nínú oríṣi kejì, tí wọ́n ń pè ní freestyle, ẹsẹ̀ ti wọlé: ọgbọ́n tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni kí a rọ̀ sílẹ̀ lójijì, kí a já wọ abẹ́ ẹnìkejì, kí a sì kó itan rẹ̀ kan tàbí méjèèjì. Ní méjèèjì, ẹni tí èjìká rẹ̀ méjèèjì bá kan máàtì tí a sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ti pàdánù lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń fi àmì ṣáájú. Òfin yìí ló fà á tí ẹni tó ń ja ìjàkadì fi ń bẹ̀rù ẹ̀yìn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Bí ó bá ṣubú, yóò yára dojú bolẹ̀. Blessing Oborududu ló kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ Olympic fún Nàìjíríà nínú ìjàkadì, fàdákà ni, ní Tokyo ní 2021, ní ìpele 68 kílò, nínú freestyle àwọn obìnrin.

Báwo ni ẹni tó wà lábẹ́ ṣe lè borí?

Ẹ̀rù ẹ̀yìn yìí gan-an ni jiu-jitsu ti Bràsíìlì kò ní. Mitsuyo Maeda, ọmọ Jàpáànù tó kọ́ júdò, dé Bràsíìlì ní ọdún 1914, ìdílé Gracie sì kọ́ ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Òfin wọn kò ka ẹ̀yìn tó kanlẹ̀ sí ìparí. Ìjà parí nígbà tí ẹnì kan bá fi ọwọ́ lu máàtì tàbí ara ẹnìkejì láti sọ pé ó tó. Ẹni tó wà lábẹ́ á fi ẹsẹ̀ méjèèjì yí ìbàdí ẹni tó wà lókè ká, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa darí rẹ̀. Apá méjì ni ẹni òkè ní. Ẹni ìsàlẹ̀ ní apá méjì àti ẹsẹ̀ méjì, ilẹ̀ sì gbé e ró.

Ọ̀nà méjì ló fi sábà ń parí rẹ̀. Èkíní, ó lè na apá ẹnìkejì gbọọrọ láàrin itan rẹ̀, kí ó fi ìbàdí gbé igbọ̀nwọ́ náà sókè, sí apá tí oríkèé náà kì í tẹ̀ sí. Èkejì ni fífún ọrùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rò pé èémí ni wọ́n ń dí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àwọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ, tí igbọ̀nwọ́ rẹ̀ dúró ní iwájú ọ̀nà ọ̀fun rẹ, ń fi apá òkè tẹ iṣan kan, ó sì ń fi apá ìsàlẹ̀ tẹ ìkejì. Ọ̀nà ọ̀fun lè ṣí sílẹ̀, ènìyàn sì lè máa mí, síbẹ̀ yóò dákú láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò dé òkè. Ìdí nìyẹn tí rẹfirí fi ń wo ọwọ́ àti ojú ẹni tí wọ́n mú láìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ dán èyí wò nílé tàbí ní ilé ìwé.

Ní Denver, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, Royce Gracie tí kò sanra tó àwọn tó bá jà borí ènìyàn mẹ́ta ní alẹ́ kan pẹ̀lú ọgbọ́n yìí, níbi ìdíje àkọ́kọ́ tí a ń pè ní UFC. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ akànṣẹ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ sí ọwọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó ti wà nílẹ̀, ìbọ̀wọ́ náà kò wúlò fún ohunkóhun.

Nígbà tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ ńkọ́?

UFC ọjọ́ náà ti di ohun tí a ń pè ní MMA, ìjà tó gba lílù àti dídìmú láyè pa pọ̀. Níbẹ̀, ààbò tí òfin ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń fún ènìyàn ti lọ. Kamaru Usman, tí a bí ní Auchi, jẹ́ ẹni tó ti ìjàkadì wá. Ó di aṣẹ́gun àgbáyé ní 2019. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 òun ló ń ṣáájú Leon Edwards, ìjà sì ku ìṣẹ́jú kan péré, nígbà tí Edwards fi ẹsẹ̀ òsì gbá a lórí, Usman sì ṣubú. Israel Adesanya tí a bí ní Èkó ti inú ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá wá. Nígbà tí Dricus du Plessis borí rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2024, ẹ̀yìn ló ti mú un, tó fún orí àti ọrùn rẹ̀ pọ̀ títí Adesanya fi fi ọwọ́ lù ú láti sọ pé ó tó. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń di ènìyàn mú bọ́ sọ́wọ́ ìpá, ẹni tó mọ ìpá bọ́ sọ́wọ́ ìdìmú. Àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọ̀gá tó ti kọ́ ti ẹ̀ka kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ ó béèrè nípa àwọn ohun tí a ń rí nínú fíìmù Ṣáínà. Àwọn ẹ̀ka kung fu pọ̀, ọgbọ́n tòótọ́ sì wà nínú wọn. Wing Chun, fún àpẹẹrẹ, ń kọ́ ènìyàn láti fi ọwọ́ kan ọwọ́ ẹnìkejì láìyẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí agbára ń lọ kí ojú tó rí i. Fífò lórí òrùlé jẹ́ iṣẹ́ okùn àti kámẹ́rà.

Kí ni kí òbí béèrè kó tó fi ọmọ síbẹ̀?

Ẹ má kọ́kọ́ béèrè nípa àwọ̀ ìgbànú olùkọ́. Ẹ béèrè irú ẹ̀ka tó ń kọ́ni, àti ohun tí òfin rẹ̀ gbà láyè, nítorí ọmọ tí ẹ fẹ́ kó máa ta ìpá kò ní rí i kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ júdò, èyí tí ẹ sì kò fẹ́ kí wọ́n lù lórí kò yẹ kó wà níbi tí wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí olùkọ́ fi bí a ṣe ń ṣubú hàn yín. Ní júdò, òun ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ọmọ á kó àgbọ̀n mọ́ àyà kí ẹ̀yìn orí má baà kanlẹ̀, á fi gbogbo apá lu máàtì ní ìṣẹ́jú kan náà tí ẹ̀yìn rẹ̀ débẹ̀ kí ìlù náà lè tàn káàkiri, á sì mí jáde. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì lásán, kò yẹ kí wọ́n máa gbé ara wọn ṣubú níbẹ̀ rárá.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn kan ọwọ́ tí a fi ń lu ilẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń na apá tàbí fún ọrùn, ẹ béèrè ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í gba ọmọdé láyè láti fún ara wọn lọ́rùn. Kí ẹ sì dúró wo ìdánrawò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní kété tí ọmọ kan bá fi ọwọ́ lu máàtì, ó yẹ kí ẹnìkejì rẹ̀ ti tú u sílẹ̀ kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀.